Agogo Ọ̀run, Ẹni Tó Fòfin De Orin Ìjọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ oyè òun níbi tí ènìyàn bá ti fẹ̀yìn ti àga. Oyè náà nìyí: Olùdarí Àgbà Gbogbogbò fún Ìyìn, Ìjọsìn àti Ètò Ohùn Mímọ́. Ṣé ẹ ti dìde? Ó dáa. Ẹ lè jókòó padà, nítorí ìdajì lèyí tí mo pè yẹn. Ìdajì kejì wà lára ògiri yàrá akọrin, nínú férémù, wọ́n sì fi gíláàsì bò ó kí eruku má baà fọwọ́ kàn án.

Fún ìrọ̀rùn àwa tí èémí wa kúrú, ó ní kí á máa pe òun ní Agogo Ọ̀run. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohùn kan ló sọ ọ́ sí òun létí nígbà tí òun ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ kan tó ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí òun náà lè ráyè wẹ̀, ní òun ò gbọ́ ohùn kankan, àfi ti omi.

Báwo ló ṣe dé ipò náà? Ẹ má rò pé wọ́n dìbò. Ẹni tó ń darí akọrin tẹ́lẹ̀ ló kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ó wá sọ fún ọkùnrin wa lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òjò ká àwọn méjèèjì mọ́, pé, "Ẹ bá wa mú un dání fún ìgbà díẹ̀ ná." Fún ìgbà díẹ̀! Bí ẹni gbé agboòrùn fún ni dìmú ni pásítọ̀ fi í fún un. Bí ẹni gba adé lòun fi gbà á.

Ẹ má sì tíì bínú sí i. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì omi ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn èrò ti ń wá jà nítorí omi tí kò yọ. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí tábìlì rẹ̀ ti gbàgbé àwọ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó kéré sí àbúrò rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. "Bàbá ibẹ̀ yẹn," ni yóò wí, "ẹ bá mi gbé fáìlì yìí lọ sókè." Yóò gbé e. Yóò gun àtẹ̀gùn. Yóò tún sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó bá ti kọrí sí ibi ìdánrawò, ọrùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jókòó nígbà tó bá ń wọlé. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin onígbàjámọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, ni yóò kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú tìmùtìmù tí ọ̀gá máa fi jókòó, á wá ké pé:

"Ẹgbẹ́ akọrin, ta ni ohùn yín?"

"Ẹ̀yin ni ohùn wa!" ni gbogbo wọn yóò dáhùn, àwọn kan sì ń wo aago.

"Ẹ̀yin tí mo fi ohùn bọ́," Agogo Ọ̀run á bẹ̀rẹ̀, "bí mo ṣe wọlé yìí, ẹ ṣàkíyèsí afẹ́fẹ́. Ṣé kò yí padà?"

"Ó yí padà, sà," onígbàjámọ̀ á dáhùn. "Gbogbo àyà mi ló ń gbọ̀n."

"Kí ló ń gbọ̀n ọ́n?"

"Ògo ni, sà. Ọ̀gá, ikọ́ tí ẹ wú lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá ìyàwó mi bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ní orí ohùn 'sò' ni ikọ́ náà bọ́ sí gẹ́lẹ́."

Agogo Ọ̀run á ronú sí i, á fi ìka gbá àgbọ̀n. "'Là' ni," á wí. "Bá mi sọ fún ìyá pé 'là' ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, títí ọ̀ràn Ìyá Iwájú fi dé.

Ìyá Iwájú ni wọ́n ń pe ìyá arúgbó kan tó máa ń jókòó ní àga àkọ́kọ́. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró. Bí ìjọ bá gbé orin, ìyá á ṣáájú wọn dé òpin ìlà, á wá dúró dè wọ́n níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Agogo Ọ̀run dé ibi tó dùn mọ́ ọn jù nínú orin. Ó dijú, ó na ọwọ́, ó ń fa ohùn bí ẹni ń fa okùn jáde láti inú kànga. Ìyá Iwájú ti parí orin tirẹ̀ ní tirẹ̀. Ó kígbe pé, "Halelúyà!" Gbogbo ìjọ sì dá a lóhùn.

Agogo Ọ̀run lajú. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára ìyá. Kò sí ẹnìkan tó ń wo òun.

Ẹ̀yin ará, wọ́n ti jí nǹkan ọkùnrin yìí rí, wọ́n ti bú u rí níbi iṣẹ́, kò dùn ún tó èyí. Nígbà tí ìsìn parí, ó bá pásítọ̀ nínú yàrá rẹ̀.

"Pásítọ̀, mo ti ṣàwárí ohun tó ń ba orin jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí."

"Kí ni?"

"Ìjọ ni."

Pásítọ̀ yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bẹ̀rù àríyànjiyàn bí ológbò ṣe bẹ̀rù omi. "Ìjọ kẹ̀?" ó ní. "Ṣé kì í ṣe àwọn náà ló yẹ kó máa kọrin ni?"

"Pásítọ̀, tí ẹ bá ń wàásù, ṣé ìjọ máa ń bá yín wàásù?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé tí wọ́n á fi máa bá mi kọrin?"

Pásítọ̀ dìde, ó kó Bíbélì rẹ̀. Kò tíì jẹun láti àárọ̀. "Kí Olúwa tọ́ wa sọ́nà," ó ní, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Agogo Ọ̀run ka ìyẹn sí ìfọwọ́sí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni òfin jáde. Láti orí pèpéle ni olùdarí ti kéde rẹ̀: "Láti òní lọ, ìjọ yóò máa fi ọkàn kọrin. Ètè yóò wà ní pípadé. Ẹni tí ayọ̀ bá gbé débi tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lè mi orí, ṣùgbọ́n kó rí i pé orí náà kò yára ju orin lọ." Àwọn agbàlejò, àwọn tó ń fi èrò sí ìjókòó, gba ìlànà pé kí wọ́n máa rìn kiri, kí wọ́n máa fi ìka lé ètè fún ẹnikẹ́ni tí ohùn bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá Iwájú pariwo. "Ṣé wọ́n ní kí n gbé e sókè sí i ni?"

Wọ́n gbé ìyá lọ sẹ́yìn pátápátá, sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ohùn rẹ̀ lè rí ọ̀nà bá jáde.

Ìjọ rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Wọ́n bínú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́, ẹ ṣáà mọ bí ọmọ ènìyàn ṣe rí. Ọkùnrin kan tiẹ̀ jẹ́rìí pé láti ìgbà tí òfin ti jáde lòun ti ń rí oorun tó dáa sùn.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí ìròyìn tàn pé Bàbá Alábòójútó, olórí gbogbo ìjọ agbègbè náà, ń bọ̀ wá ṣí ilé ìsìn tuntun tí ìjọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán. Wọ́n ní ó tún ń wá ẹnìkan tó máa ṣe olórí orin fún gbogbo ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló sáré mú ọ̀rọ̀ náà wá.

"Wọ́n lè rí ẹlòmíràn mú," Agogo Ọ̀run wí, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ojú.

"Níbo, sà? Àfi tí wọ́n bá lọ gbẹ́ ẹ."

Ó jókòó, ó ṣẹ̀dá orin kan fún ọjọ́ náà. Ìparí orin yìí ga bí òpó iná. Níbẹ̀, akọrin yóò pa ẹnu dé, òun nìkan yóò gùn ún lọ sókè, yóò dúró sórí rẹ̀ títí tó bá wù ú. Níbi ìdánrawò, ìyàwó rẹ̀, tó ti ń kọ ohùn kejì láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge, nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá Olùdarí," ó ní, nítorí bó ṣe gbọdọ̀ máa pe ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, "ibẹ̀ yẹn ga jù. Ẹ jẹ́ ká gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ rọra o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan. Ojú Agogo Ọ̀run le. Ó ní kí ìyàwó òun yàgò fún ẹgbẹ́ akọrin títí etí rẹ̀ yóò fi gba ìwòsàn.

Ìyàwó ká ìwé orin rẹ̀, ó kó o sínú báàgì. "Ó dáa, sà. Ṣé kí n ṣì lọ bá Ọ̀gá Olùdarí gbé omi tíì kaná, àbí ẹ ti lé mi níbẹ̀ náà?"

Nígbà tí ọjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, olùdarí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ohùn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Nílé, ìka ló fi ń bá aya sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ẹnu pé kí wọ́n bá òun gbé oyin, ìyàwó gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wá. Ó mi orí, ó tún nawọ́ sí ọ̀fun, ìyàwó fún un ní síkáàfù. Èmi ò lè búra pé obìnrin yẹn kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ti ibi iṣẹ́ ló burú jù. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Bàbá ibẹ̀ yẹn, ẹ bá mi sọ fún àwọn èrò ìta pé omi ò ní yọ lọ́sẹ̀ yìí." Ó jáde sí wọn, ó pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún akọrin tó bá ń pariwo jù.

"Kí ló wí?" ẹnìkan bèèrè.

"Ó ní omi ti ń sọ̀ bọ̀!"

Wọ́n hó yèè, wọ́n lọ sílé lọ gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n padà wá sọ lọ́jọ́ kejì, n kò ní í tún un sọ nínú ìtàn ìjọ Ọlọ́run.

Nígbà tó ku ọ̀la, ìbẹ̀rù mú un. Bí ohùn náà bá ti sá lọ níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí ńkọ́? Ó wọ balùwẹ̀, ó gun òkè ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó kàn lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Ó wà. Ó tún gùn ún, kó lè dá a lójú. Ó gùn ún fún ayọ̀ pé ó dá òun lójú. Títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, ó ń gùn, ó ń sọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Olówó orí mi, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la."

Kò dáhùn. Ó ń tọ́jú ohùn.

Ọjọ́ pé. Ilé ìsìn tuntun kún dẹ́múdẹ́mú, òórùn ọ̀dà ògiri ṣì ń sán. Bàbá Alábòójútó, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà tó ti rin ìrìn àjò púpọ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀. Agogo Ọ̀run wọlé nínú aṣọ akọrin tuntun, ìrù aṣọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí òun ti dé pèpéle tí ìrù ṣì ń kí àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọ̀pá ìdarí sókè, ó sì dì í mú síbẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè yà á tán.

Orin bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe òpùrọ́: ó dùn. Ẹsẹ kejì náà dùn. Nígbà tó di ìparí, ó juwọ́ sí akọrin kí wọ́n dákẹ́, ó dijú, ó la ẹnu, ó sì gbéra lọ sókè.

Kò débẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni nǹkan já nínú ọ̀fun rẹ̀, ohun tó sì jáde dà bí ìró bàtà tútù lórí sìmẹ́ǹtì dídán. Ó tún gbìyànjú. Bàtà náà tún tẹ ilẹ̀.

Ó wo àwọn akọrin. Wọ́n pa ẹnu dé gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Ó wo onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn, ó dijú, ó ń mi orí, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ògo! Ògo!" Òógùn bo olùdarí. Ó yíjú sí ìjọ, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Ẹ bá mi gbé e," ó wí. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n máìkì gbé e dé gbogbo igun ilé.

Kò sí ẹni tó mira. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìjọ pa ètè dé. Àwọn tó láápọn jù nínú wọn ń mi orí, orí náà kò sì yára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e!"

Nígbà náà ni olórí àwọn agbàlejò, bíríkìlà gìrìwò kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn gba àárín ìjọ kọjá, ó gun pèpéle, ó fi ìka lé ètè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ẹ fi ọkàn kọ ọ́."

Ọmọ ọwọ́ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́. Bàbá Alábòójútó dìde, ó dúró títí ilé fi rọlẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ò mọ orin kankan ni?"

"A mọ̀ ọ́n, Bàbá," ọkùnrin kan dáhùn láti àárín. "Wọ́n fòfin dè é ni."

"Ta ló fòfin de orin nínú ilé Ọlọ́run?"

Pásítọ̀ dìde. "Èmi ni, Bàbá. Ẹlòmíràn ló dábàá rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìjọ. Ẹ̀yin ìjọ, mo ń sá fún àríyànjiyàn, mo sì jẹ́ kí wọ́n pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ forí jì mí."

Agogo Ọ̀run ti ń retí kí pásítọ̀ nawọ́ sí òun. Kò nawọ́. Ìyẹn tún dùn ún, nítorí ẹni tí wọ́n bá nawọ́ sí, wọ́n ṣáà ń wò ó.

"Ó dáa," Bàbá Alábòójútó wí. "A ti fagi lé òfin náà. Ta ló máa bá wa dá orin?"

Ìyá Iwájú kò gbọ́ ìbéèrè yìí. Ó kàn rí i pé ẹnu àwọn ènìyàn ti là, ó sì gbé orin láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, lórí ohùn tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ìjọ gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe bíi páìpù tó ti gbẹ tipẹ́, tó ń húkọ́, tó ń tu ìpẹtà jáde, kó tó di pé omi tú. Ìyàwó olùdarí, tó jókòó láàrin èrò láìwọ aṣọ akọrin, mú ohùn kejì, orin náà sì fìdí múlẹ̀.

Agogo Ọ̀run sáré gbé ọ̀pá sókè, ó ń darí wọn. Kò sí ẹni tó ń wo ọ̀pá. Ó gbé e sọ́tùn-ún, orin lọ sósì. Ó yára, orin falẹ̀. Nígbà tó di ẹsẹ kẹta, òun ló ń tẹ̀ lé wọn, bí ẹni ń sáré lé ọkọ̀ tó ti gbéra. Ó rọ ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn wá onígbàjámọ̀, ó rí i lọ́hùn-ún, ó ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ Bàbá Alábòójútó, ó ń sọ fún un pé láti ìgbà tó ti jókòó sórí àga yẹn ni àga náà ti di àga mìíràn.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ránṣẹ́ pè é sí yàrá pásítọ̀. Kò bú u.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni Olùdarí Àgbà Gbogbogbò fún Ìyìn... kí ni ìyókù?"

Agogo Ọ̀run la ẹnu láti parí oyè rẹ̀. Ohùn kò jáde. Wọ́n dúró dè é, wọ́n tún dúró. Ìyókù kò dé.

"Ẹ má ṣe ìyọnu," Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ẹ fi ìdarí sílẹ̀ ná. Ẹ lọ jókòó láàrin ìjọ, kí ẹ gbọ́ bí orin ṣe rí láti ibẹ̀."

Ṣé ó lọ jókòó? Ẹ̀yin náà kò gbàgbọ́. Bí ohùn ṣe ń padà bọ̀, ó gba ìjọ mìíràn lọ ní òpópónà kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka oyè rẹ̀ tán fún agbàlejò ibẹ̀. Ọmọlúwàbí lagbàlejò náà, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní. "Àga kan ṣẹ́kù lẹ́yìn òpó yẹn."

Nígbà tó délé, ó ní àwọn yẹn ò mọ orin.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ burú ni?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Wọn ò wò mí."

Ìyàwó ti padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, tó bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa fi imú kọ orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ọkọ á jókòó nínú àga rẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ọjọ́ kan, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ta ló ń darí yín báyìí?"

"Ẹni tó ń tẹ dùùrù ló ń dá orin. A kàn ń bá a lọ."

"Ṣé ẹ ṣì ń dìde?"

"Fún ta ni?"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde. Kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọkùnrin ohùn ìsàlẹ̀ kàn sún, wọ́n fún un láyè. Onígbàjámọ̀ ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ bàtà mi." Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó dùn, ọkùnrin wa dijú, ó ti ń gbéra lọ sókè nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án.

"Ẹ rọra, sà. A ò gbọ́ ara wa."

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń retí. Èmi náà retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ohùn kalẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí kò fi yàtọ̀ sí tàwọn tó kù. Ó wá gbọ́ tẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó gbọ́ tòsì, ó gbọ́ ohùn kejì láti ọ̀hún, èyí tó ń bá a gbélé láti ọjọ́ yìí wá tí kò gbọ́ rí. Orí rẹ̀ wú. Ó ń wá ẹni tó máa sọ fún pé orí òun wú, gbogbo wọn sì ń kọrin lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ kọrin dáadáa lónìí."

Ó dúró. Ó nà tàntàn, ọrùn rẹ̀ fẹ́ máa gùn. "Ìyá wọn, ṣé o gbọ́ mi ni?"

"Rárá. N ò gbọ́ yín rárá. Ohun tí mo ń wí nìyẹn."

Ó ronú sí i, ó gba báàgì ìwé orin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lọ.